Fáìlì àfẹ̀rọkà ni, kì í ṣe fáìlì aláméjì

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe irú fáìlì tí ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní ncgen ń ṣe ní "fáìlì aláméjì" (binary file), nítorí pé òdo àti ení nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ìṣirò, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó bá iṣẹ́ yìí mu.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àti ti òkun máa ń kó dátà wọn sínú fáìlì netCDF, èyí tí àjọ Unidata ní ìlú Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà kankan lè fi èdè CDL ṣàpèjúwe fáìlì náà ní ọ̀rọ̀ lásán, kí ó kọ dimensions (orúkọ àti gígùn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí a gbà to dátà), kí variables (àwọn ohun tí a ń kọ iye wọn) tẹ̀ lé e, kí ó sì to iye wọn sábẹ́ data. Bí ó bá ti pàṣẹ pé ncgen -o ooru.nc ooru.cdl, fáìlì netCDF yóò jáde. Òdìkejì iṣẹ́ yìí ni ncdump ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú iye kan ṣoṣo, 27.5. Nínú fáìlì CDL, báìtì 4 ni ó gbà, èyí tí í ṣe 32 37 2E 35 (ní ìkọsílẹ̀ hexadecimal, tí ó ń fi 0 sí 9 àti A sí F kọ báìtì). Nínú netCDF, bí a bá ti kéde rẹ̀ ní float (irú nọ́ńbà tí ó lè ní ẹ̀sún), báìtì 4 náà ni, ṣùgbọ́n 41 DC 00 00 ni wọ́n. Bí a bá tú méjèèjì dé ìdí, òdo àti ení náà ni a óò bá níbẹ̀, nítorí náà "aláméjì" kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tí ó yà wọ́n ni pé ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè fojú lásán ka ti àkọ́kọ́, nígbà tí ti èkejì kò ṣeé kà láìsí ètò tí ó mọ bí a ṣe tò ó. Bí a ti ní àfọwọ́kọ àti àfẹnusọ, mo dábàá "fáìlì àfojúkà" àti "fáìlì àfẹ̀rọkà". Òótọ́ ni pé ncgen pàápàá ń ka CDL, ẹ̀rọ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kíkà kò lè ṣe aláìní ni ó yẹ kí orúkọ tọ́ka sí.

Ní ti dimension, ẹ má ṣe jẹ́ kí a lo "ìwọ̀n", nítorí pé ìwọ̀n ooru gan-an lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a ń kọ sínú fáìlì náà. "Ìhà" tẹ́ mi lọ́rùn.

Èyí tí ó kù ni àmì _ tí a ń kọ sí ipò iye tí kò sí. Ẹnìkan ti pè é ní "òdo", èyí sì léwu, nítorí pé òdo jẹ́ iye tí ẹ̀rọ lè wọ̀n ní tòótọ́, nígbà tí ncgen máa ń fi iye àkànṣe kan dípò _, irú bíi 9.96921e+36 fún float tí a kò yan _FillValue (iye ìdípò tí ẹni tó kọ fáìlì lè yàn fúnra rẹ̀) fún. "Àlàfo" ni kí a pè é.