Ojúwo bàálù, kì í ṣe ibùba

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nídìí èdè, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àbúrò wa tó ń gbé ní Hounslow, tó fẹ́ kọ ìtọ́sọ́nà kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn tó fẹ́ràn àtimáa ya fọ́tò bàálù ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú London. Ohun méjì ló bèèrè: kí là ń pe ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí sì là ń pe ibi tó dára láti dúró sí lẹ́bàá ọgbà pápákọ̀ òfurufú? Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní aṣọ́bàálù ni ẹni náà, ibùba ni ibi náà. Ẹlòmíràn dábàá ilé ìṣọ́. Ẹnì kan tún ní ká kúkú pè é ní sípọ́tà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ní spotter, ká sinmi.

Èmi ò fara mọ́ ibùba rárá, ẹnu mi sì ń kọ aṣọ́bàálù. Ti ilé ìṣọ́ kò gba àròyé: ó ti ní olówó orí, gbogbo wa la sì mọ àwọn tó máa ń gbé e wá kanlẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé.

Ká kọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀tọ́ wọn. Aṣọ́ kò ṣàdédé wá sí wọn lẹ́nu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, spotter ni wọ́n ń pe àwọn tó ń dúró sórí òrùlé ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń gbójú sókè, tí wọ́n á sì ta àwọn tó wà nísàlẹ̀ lólobó bí bàálù Jámánì bá yọ. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Lóde òní pàápàá, àwọn pápákọ̀ òfurufú kan wà níbẹ̀ tí ọlọ́pàá ti ń bá àwọn ayafọ́tò wọ̀nyí ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Airport Watch: ojú wọn ti mọ àyíká ọgbà, wọ́n sì tètè ń rí ohun tó bá ṣàjèjì. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ṣíṣọ́ wà nínú ìtàn ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ aṣọ́bàálù tí kò ní rò pé mégádì ni? Aṣọ́gbà ń ṣọ́ ọgbà, aṣọ́bodè ń ṣọ́ ibodè. Gbogbo wọn ló ní ọ̀gá tó fi ohun tí wọ́n ń ṣọ́ sí ìkáwọ́ wọn. Ta ló fi bàálù sí ìkáwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Hatton Cross lẹ́bàá Heathrow? Bí a bá sì mú ti mégádì kúrò, ìtumọ̀ tó ṣẹ́ kù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Yorùbá bá ní “lágbájá ń ṣọ́ mi,” kì í ṣe pé ó ń yìn ín. Ẹni tó ń ṣọ́ni, ẹ̀sùn ló ń wá, tàbí ibi.

Ẹ má sì rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 12 àti ará Netherlands 2 lọ wo bàálù ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú tó wà ní Kalamata, ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì. Wọ́n kó wọn, wọ́n ní amí ni wọ́n. Àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ràn àtimáa kọ nọ́ńbà ara bàálù sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Èkó kan ṣe mọ gbogbo bàálù tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ìyẹn ti Nàìjíríà. Wọ́n lo ju oṣù kan lọ látìmọ́lé kí wọ́n tó rí béèlì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002 ilé ẹjọ́ dá àwọn 8 lẹ́bi amí, ó fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ó ní àwọn 6 yòókù ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá wọn sílẹ̀. Ohun tó kan àwa tó wà nídìí èdè nínú ẹjọ́ yìí ni pé eré náà ṣàjèjì sí àwọn tó mú wọn. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi nọ́ńbà bàálù ṣe bí kò bá ṣe amí?

Ẹ wá fojú inú wo àbúrò wa tó wálé sí Ìkẹjà fún Kérésì. Ọlọ́pàá bi í pé kí ló ń ṣe létí ọgbà pẹ̀lú kámẹ́rà gígùn, ó sì fi Yorùbá tó kọ́ lọ́wọ́ wa dáhùn pé, “Ẹ kúùṣẹ́ sà, mò ń ṣọ́ bàálù láti ibùba mi ni.” Ta ni yóò lọ gba béèlì rẹ̀?

Nítorí ibùba gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù. Ó ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn Yorùbá tó bá wù yín lóde òní, “ibùba àwọn ajínigbé” lẹ máa bá níbẹ̀, tàbí ti àwọn adigunjalè. Ẹni tó ba síbùba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Àwọn ayafọ́tò bàálù sì rèé, aga ni wọ́n ń gbé dání, tíì gbígbóná wà nínú fúláàsì, ẹlòmíràn tún gbé àkàbà wá kí ọgbà má baà dí i lójú. Gbangba ni wọ́n wà.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n sọ ohun kan nínú àlàyé wọn tó yẹ ká mú dání. Wọ́n ní ọdẹ kì í ba síbi tó bá ṣáà ti rí. Ó máa ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Atẹ́gùn ni bàbá ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàálù náà. Bàálù fẹ́ràn kó kojú sí atẹ́gùn kó tó balẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó kojú sí i kó tó gbéra, nítorí atẹ́gùn tó ń bọ̀ níwájú ló ń ran ìyẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ibi tó dára, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo Heathrow. Ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n dúbúlẹ̀ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn: ọ̀kan ní àríwá, èkejì ní gúúsù. Bí atẹ́gùn ṣe máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn níbẹ̀, nínú àkókò tó tó ìdá 70 nínú 100, ìwọ̀ oòrùn ni bàálù ń kojú sí, orí ìlú London ni wọ́n sì ń gbà wá. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà nígbà náà ni 27, èyí tó dúró fún 270 lójú kọ́ńpáàsì. 27L ni ti òsì, ìyẹn ti gúúsù, 27R ni ti ọ̀tún, ìyẹn ti àríwá. Bí atẹ́gùn bá yí padà, tí bàálù kojú sí ìlà oòrùn, ọ̀nà kan náà á di 09. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kojú sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà kan ni wọ́n ń balẹ̀ sí, èkejì ni wọ́n fi ń gbéra, tó bá sì di aago mẹ́ta ọ̀sán wọ́n á pààrọ̀ wọn, kí etí àwọn tó ń gbé lábẹ́ ipa ọ̀nà kan lè sinmi. Ètò yìí ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń gbé e jáde ṣáájú fún aráyé rí.

Nítòsí Hatton Cross ni pápá koríko kékeré kan wà ní Myrtle Avenue, tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn ayafọ́tò kárí ayé. Bí 27L bá wà fún ìbalẹ̀, bàálù á fò kọjá níbẹ̀ nísàlẹ̀ gan-an débi pé ẹni tó gbé lẹ́ǹsì gígùn wá á kábàámọ̀: bàálù ńlá A380 kò ní wọnú fọ́tò tán. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ lágogo mẹ́ta, agbára káká ni bàálù tó ń balẹ̀ fi ń gba ibẹ̀ mọ́. Koríko náà ni, ọgbà náà ni, ọjọ́ náà ni, àmọ́ ibẹ̀ ti di ibi lásán.

Oòrùn wá tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní London, apá gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án, tẹ̀ẹ̀rùn tòtútù, nítorí náà ẹni tó bá dúró sí gúúsù ọ̀nà ni oòrùn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ara bàálù yóò sì mọ́lẹ̀ kedere. Myrtle Avenue sì wà ní ìhà gúúsù. Ti Èkó yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀nà méjèèjì tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àríwá sí gúúsù, nítorí náà ìhà ìlà oòrùn ló dára láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ìhà ìwọ̀ oòrùn ló kàn. Ọ̀sán gangan kò dára fún ìhà kankan, torí àtàrí loòrùn wà, òjìji á sì bo gbogbo ikùn bàálù. Ká má tíì sọ ti ọyẹ́, tí eruku rẹ̀ máa ń sọ bàálù funfun di aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀. (Àti pé nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé kámẹ́rà síta. Yíya fọ́tò létí pápákọ̀ òfurufú kì í ṣe ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fojú rere wò.)

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá, nígbà náà, gbọ́dọ̀ gba atẹ́gùn àti oòrùn mọ́ra, kó má sì fi ẹnikẹ́ni hàn bí olè. Ojúwo ni mo mú wá. Ojúbọ ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀: ibi tí a ti ń bọ ni ojúbọ, ibi tí a ti ń wo ni ojúwo. Ojú tó wà níwájú rẹ̀ bá mi lára mu gan-an. Òun náà ló wà nínú ojú ọ̀nà, òun ló wà nínú ojú ọjọ́ tí a fi ń sọ̀rọ̀ òjò àti atẹ́gùn, ojú la sì fi ń wò. “Ojúwo yìí kò ṣiṣẹ́ tí atẹ́gùn bá wá láti ìlà oòrùn” jẹ́ gbólóhùn tí ìyá àgbà gan-an lè gbọ́ kó sì yé e. Ẹ fi ibùba sípò ojúwo níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Fún ẹni náà, awobàálù. Mo ti ń gbọ́ ẹni tó máa sọ pé wíwò fúyẹ́ jù, pé ta ni kì í wo bàálù, ọmọdé gbogbo ló ń gbójú sókè tó bá ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ayé ń wo ìràwọ̀, síbẹ̀ awòràwọ̀ kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹni tó sọ ọ́ diṣẹ́ ni. Èdè wa ti yanjú èyí tipẹ́, a kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n mú awòràwọ̀ pé ó ń ṣe amí òṣùpá.

Sí ẹni tó fẹ́ sípọ́tà, n kò bá a jà. Bàálù fúnra rẹ̀, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Àwọn ará Netherlands náà gba spotter wọlé bó ṣe rí, wọ́n so ọ̀rọ̀ tiwọn tó ń jẹ́ ibi mọ́ ọn nídìí, ó di spottersplek. Irú rẹ̀ kan wà ní Schiphol, pápákọ̀ òfurufú Amsterdam, létí Polderbaan, ọ̀nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2003. Ní Manchester, ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n ṣe fún àwọn awobàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìbalẹ̀, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ bí òkìtì kí ojú wọn lè ré ọgbà kọjá, bàálù Concorde kan tó ti fẹ̀yìn tì sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á máa sọ sípọ́tà láàárín ara wọn láìgbàṣẹ wa. Ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà àbúrò wa, àwọn òbí náà máa kà á, àwọn ló sì máa pinnu bóyá ọmọ á jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé. Sípọ́tà kò sọ nǹkan kan fún wọn.

Ẹ̀bá ọgbà tó fún etí ọgbà pápákọ̀ òfurufú, kò nílò ìṣẹ̀dá kankan. Ọ̀nà ìbalẹ̀ náà tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń gbéra láti orí rẹ̀. Àbúrò wa á tún ní láti kìlọ̀ pé lọ́sàn-án tí ooru bá mú, bàálù tó jìnnà kì í jáde dáadáa nínú fọ́tò, bó ti wù kí lẹ́ǹsì wọ́n tó: ooru tó ń gòkè láti ara ọ̀dà á máa mì tìtì láàárín kámẹ́rà àti bàálù, ìlà ara rẹ̀ á sì wọ́. Gbogbo ohun tí mo rí kọ fún ìyẹn gùn bí gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń rí i tó ń jó lójú títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí lẹ ń pè é nílé yín?