Àjèjì kọ́, àtìpó ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa fi túmọ̀ ìròyìn àwọn ọmọ tó ń kàwé lókè òkun ni mo fẹ́ fèsì sí: "ìfẹ́ orílẹ̀-èdè" fún nationalism, "òṣèlú tiwa-n-tiwa" fún populism, àti "akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì" fún àwọn ọmọ náà fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti àárín. Rédíò ti fi tiwa-n-tiwa túmọ̀ dẹmọ́kírésì tipẹ́, kò ṣeé gbà padà mọ́. Ẹni tó ń fẹnu mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀ kó lè dórí àléfà là ń wí: òṣèlú afẹnu-mẹ̀kúnnù-sọ̀rọ̀. Ó gùn, mo mọ̀. Kí ẹni tó ní èyí tó kúrú mú un wá.

Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni kò gba ọ̀fun mi. Èèyàn lè fẹ́ràn ìlú rẹ̀ láìlé ẹnikẹ́ni. Ní Ọ̀fà níbí, bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni "àwa la nilẹ̀!" Ohun tí àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń pè ní nationalist ń wí lókè òkun náà nìyẹn. Òṣèlú àwa-la-nilẹ̀: ọmọdé gbọ́ ọ, á yé e. Ó yé ìyá bàbá mi, ẹni tó gbọ́ ọ ní Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kẹ́rù. Ní 1983, àwa náà ṣe é fún ará Gánà, ohun tó sì kù lẹ́nu wa ni orúkọ báàgì. (Ghana-must-go. A ò tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀.)

Ó wá ku àjèjì. Àlejò la ń bu omi fún. Àjèjì là ń ṣọ́. Àtọ̀húnrìnwá, èébú ni. Ọmọ tí iléèwé fúnra rẹ̀ kọ̀wé pè, tó ń san owó tó ju ti ọmọ onílé lọ, báwo ló ṣe di ẹni à ń ṣọ́? Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, a ti bá olóṣèlú dá ẹjọ́ náà tán. Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn wá kéwú n'Ílọrin, ilé ààfáà ni wọ́n ń gbé, ọmọ kéwú là ń pè wọ́n. Àtìpó ni tèmi: ẹni tó wọ̀ síbìkan fúngbà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àtìpó.

Ẹ wo òfin Bìrìtìkó. Láti oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ tó ń lọ ṣe másítà kò lè mú "dependants" lọ́wọ́ mọ́, àfi àwọn tó ń ṣèwádìí. Létí mi, bí ẹrù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe ń dún. Yorùbá ò gbà kéèyàn fi pamọ́: ìyàwó ni, ọkọ ni, ọmọ ni.

Lóṣù yẹn kan náà ni Kánádà kéde òǹkà tí ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n ní ilé ò tó; owó tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní sì ti kúrò ní dọ́là 10,000, ó di 20,635 nígbà náà. Ẹgbẹ́ Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ àwa-la-nilẹ̀. Nítorí náà, òṣèlú ni kí ọ̀rọ̀ mi máa dárúkọ, kó má ṣe jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́: ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè máa ṣe é, torí ìbẹ̀rù ìbò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́hùn-ún, ọkọ rẹ̀ wà l'Ọ́fà. Mo bi í pé èwo ló wù ú nínú àjèjì àti àtìpó. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kọ asanwó." Mo fi ìyẹn náà síwájú yín.