Ẹ má pe “wash” ní ìfọ̀: ọ̀rọ̀ tá a nílò fún kíkun ọkọ̀ ogun kéékèèké

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kó jọ fún àwa tá a máa ń kun ọkọ̀ ogun onígbòkun kéékèèké, àwọn tá a fi ń ta ayò ogun lórí tábìlì. Wọ́n pe ọkọ̀ kékeré náà ní “àwòṣe”, wọ́n pe wash ní “ìfọ̀”, wọ́n pe ship of the line, ìyẹn ọkọ̀ ogun ńlá alágbàá púpọ̀, ní “ọkọ̀ ìlà”, wọ́n sì pe àwọ̀ ọ̀já ara ọkọ̀ Nelson, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ní “ìyeyè”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ ibi tí kò ti wọ̀ mí létí.

Ìfọ̀ yẹn ló ká mi lára jù torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Àbúrò mi kan ń bá mi kun ọkọ̀, mo ní “tí ọ̀dà ẹ̀ bá ti gbẹ, kó o fọ̀ ọ́”, mo bọ́ síta, ìgbà tí mo máa fi padà dé ó ti gbé fírígéètì kan, ọkọ̀ ogun tó kéré sí ship of the line, sínú omi ọṣẹ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó, òpó iwájú ti kán, ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dénú sì ti ń bó kúrò nídìí ọkọ̀. Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Ohun tí mo ní kó ṣe náà ló ṣe. Ní èdè wa, téèyàn bá fọ nǹkan, ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀. Wash tiwa ò mú nǹkan kan kúrò, ńṣe ló ń fi kún un: ọ̀dà dúdú tàbí búráùn tá a ti bomi là dáadáa, tá a fi sórí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ pákó ọkọ̀, á sáré wọ àárín pákó àti abẹ́ ìdérí ojú àgbá, á jókòó síbẹ̀, orí pákó á wá mọ́ ju àárín ẹ̀ lọ, ojú á sì rí pákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ní ìwọ̀n 1:1200, ìyẹn ká pín gígùn ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 1200, dẹ́ẹ̀kì àgbá ọkọ̀ ńlá bíi Victory, ọkọ̀ Nelson, ò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀dà tó sá wọnú kọ̀rọ̀ yìí nìkan ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé pákó lòun ń wò.

Ẹnì kan dá “ọ̀dà olómi” lábàá, àmọ́ gbogbo ọ̀dà la máa ń bomi là ká tó lò ó, ìyẹn ò yà á sọ́tọ̀. “Ọ̀dà òjìji” sún mọ́ ọn, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun òjìji fúnra ẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ wash. Èmi rò pé “àṣànwọ̀” ló yẹ ẹ́, torí ó ń ṣàn, ó sì ń wọ̀. “Fi àṣànwọ̀ sí dẹ́ẹ̀kì.” Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa wá ọṣẹ.

Ti drybrush, ìyẹn ká nu ọ̀dà kúrò lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ká tó fi pa ibi tó yọrí síta, mi ò rò pé ó nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé “fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa á lórí”, ó ti tó.

Ó wá ku àwòṣe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀: ohun tá à ń wò ká tó ṣe òmíràn ni. A jẹ́ pé Victory gidi tó wà ní Portsmouth, tí wọ́n sọ sómi ní 1765, òun ni àwòṣe, tiwa tó wà lórí tábìlì ni ohun tá a wò ó ṣe, a ti gbé orúkọ bàbá fọ́mọ nìyẹn. Ká pè é ní “ère” náà ò bá mi lára mu, èèyàn tàbí ẹranko ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tá a nílò ti wà nílé látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣebí ọmọ ayò la máa ń pe ohun tá a fi ń ta ayò? Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ọmọ ayò ọkọ̀”. Ẹ má gé e kù sí “ọmọ ọkọ̀” o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ó máa di ọmọ ọkọ ẹlòmíì.

“Ọkọ̀ ìlà” tún ń ṣini lọ́nà, ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ìlà kan wà lára ọkọ̀ náà. Àgbá ò sí níwájú púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ lè kọjú sí ọ̀tá. Títò yẹn ló sọ wọ́n lórúkọ. “Ọkọ̀ àtòjagun” ni mo mú wá, kí fírígéètì máa jẹ́ fírígéètì, torí kì í bá wọn tò. Nígbà ogun ojú omi Trafalgar, ní October 21, 1805, àtòjagun 33 ni ti Faransé àti Sípéènì, 27 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, Nelson ò tò ní ìdojúkọ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó pín tiẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì ó sì fi já àárín wọn. Ẹ ò rí i pé téèyàn bá ti ní ọ̀rọ̀ “tò” lọ́wọ́, ohun tó ṣe yẹn yéni kíá?

Àwọ̀ ló kàn. Dúdú ni ara ọkọ̀ Nelson, ọ̀já tí wọ́n pe àwọ̀ ẹ̀ ní “ìyeyè” yẹn sì gba ibi tí ojú àgbá wà kọjá, ìdérí ojú àgbá náà dúdú, tí wọ́n bá wá pa wọ́n dé ó máa rí bíi pátákó dúdú aláfo-áfo láàárín ọ̀já. Ẹni tó bá gbọ́ “ìyeyè” á lọ mú ọ̀dà tó ń tàn yòò. Ní 2015 tí wọ́n tún Victory kùn, wọ́n yẹ ọ̀dà àtijọ́ ara ẹ̀ wò ní ìpele-ìpele, àwọ̀ tó jáde rọlẹ̀ ju èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ ń fà sí pupa díẹ̀. Yorùbá ti ní “pupa rúsúrúsú”, ó bá a mu régí. Mo fi kun ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi funfun díẹ̀ lú u, nígbà tí àṣànwọ̀ gbẹ lábẹ́ ìdérí kékeré wọ̀nyẹn ni mo tó rí i pé tàwọn yòókù mi ti ń tàn jù látọjọ́ yìí.

Fún okùn, “okùn ìdè” fún èyí tó di òpó mú, “okùn ìfà” fún èyí tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun. Ọ̀dà gidi, ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tar, ni wọ́n fi ń kun okùn ìdè nígbà náà, torí ẹ̀ ni tiwa fi gbọ́dọ̀ dúdú, kí okùn ìfà sì mọ́ díẹ̀. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ kan náà, “ọ̀dà”, la ní fún tar yẹn àti èyí tá a fi ń kun ọkọ̀ wa.

Broadside ló kù, kí gbogbo àgbá ẹ̀gbẹ́ kan dún pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa pè é?