Alert dún, owó ò wọlé

Aládìrẹ, Ìtòkú:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Gbogbo ẹni tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀ níbí ló ń bú báńkì orí fóònù, ẹ jẹ́ kí èmi fi ọpẹ́ ṣáájú ná. N kò fẹ́ padà sí ayé tí mo máa ń di owó mọ́ ìdí ìró, kí n wọ mọ́tò ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta níbí, lọ ra aṣọ funfun tí à ń rẹ l'Ékòó, kí n má lè tòògbé lójú ọ̀nà nítorí ẹni tó jókòó tì mí. Ní báyìí, ẹni tó ń tà fún mi á ya àwòrán aṣọ ránṣẹ́, mo máa sanwó lórí àpótí tí mo jókòó sí, awakọ̀ á gbé ẹrù bọ̀. 50 náírà tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti tó 10,000 ń bí mi nínú, àmọ́ kò tó owó mọ́tò.

Ẹ ṣáà rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó. Náírà wọ́n bí ojú, ẹni tó ní i ń tà á. Àwọn ìyá aláta tí wọn ò ní àkáǹtì, nọ́ńbà ti ọmọ wọn ni wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n fi ti igbá. (Àwọn ọmọ míì ò jíṣẹ́ owó ọ̀hún o, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.)

Èyí tó gbé mi wá gan-an nìyí. Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, ó lóun fẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún aṣọ ẹbí. Kò nájà rárá. Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí: ta ló ń kó aṣọ rẹpẹtẹ n'Ítòkú tí kò ní kí wọ́n yọ kọ́bọ̀? Ó gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó nà án sí mi: àmì aláwọ̀ ewé, orúkọ mi pé pérépéré. Kí n tó fèsì, fóònù tèmi náà dún. Alert!

“Màmá, ẹ bá mi dì í kíákíá, mo páàkì sójú títì.”

Mo gbé awò mi sójú. Nọ́ńbà fóònù lásán ló fi í ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ báńkì mi ló máa ń jáde. Mo wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tó wà nílẹ̀, kò jọ tèmi rárá. Oníjìbìtì lè mọ orúkọ ẹ, ó lè mọ nọ́ńbà àkáǹtì torí ìwọ náà lo fún un. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kò lè mọ̀. Mo ṣí áàpù, kò sí nǹkan tó wọlé. Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ fìdí lé bẹ́ǹṣì, ẹ jẹ́ kó wọlé ná.” Ó lóun ń lọ wo ọkọ̀. Ó ṣì ń wò ó títí dòní.

Oní-POS, Pánṣẹ́kẹ́:
Mọ́mì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò dì í fún un. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni olè o. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà máa ń ṣe é: owó á kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà, kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Dípò ká máa jà, mo máa ń ní kí wọ́n fi Session ID hàn mí, nọ́ńbà gígùn bí 30 yẹn tó wà lórí rìsíìtì. Òun ni báńkì fi ń tọpa owó. Mi ò kì í ka owó jáde kí n tó rí i nínú àkáǹtì tèmi ṣá.

Onímárúwá, Láfẹ́nwá:
Ìpè ni tèmi. “Sà, láti báńkì yín ni, wọ́n fẹ́ ti BVN yín pa.” (BVN ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi ní báńkì.) Ó dárúkọ mi, ó ka nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ orí káàdì mi. Àyà mi já! Ọmọléèwé kan tí mo gbé ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn. Mẹ́fà yẹn kì í ṣe tiyín nìkan, báńkì àti irú káàdì ló ń tọ́ka sí, àìmọye èèyàn ló jọ ní i.” Ìyókù ni wọ́n fẹ́ kí n fẹnu ara mi kà, pẹ̀lú OTP, nọ́ńbà àṣírí ti báńkì, tó máa wọlé sórí fóònù mi. Mo ní mo ti fẹ́ dé Sápọ́n, n óò yà sí báńkì fúnra mi. Ló bá bú bàbá mi! Òṣìṣẹ́ báńkì wo ló ń bú bàbá oníbàárà?

Ẹ̀rù tó ṣì ń bà mí ni kí fóònù bọ́ lápò mi.

Oní-POS, Pánṣẹ́kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi PIN sórí SIM. Olè lè yọ SIM yẹn sínú fóònù míì kó máa tẹ kóòdù báńkì, kò nílò áàpù yín. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ti àkáǹtì pa, ẹ kọ ọ́ sórí bébà sílé, torí èyí tẹ́ ẹ tọ́jú sínú fóònù á bá fóònù lọ.

Aládìrẹ, Ìtòkú:
Níbo ni wọ́n ti ń fi PIN sí SIM o? Ọmọ mi ò sí nílé.

Oní-POS, Pánṣẹ́kẹ́:
Inú settings ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò fúnra yín: PIN kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa tì, nọ́ńbà míì tí wọ́n ń pè ní PUK ni wọ́n sì fi ń ṣí i. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la.