Ẹ má pe ẹ̀yáwó ní "owó ìrànwọ́" mọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò wa bèèrè pé kí la máa pe owó tí ìjọba ń kó sídìí fíìmù, ẹni mẹ́ta sì ti dáhùn pé "owó ìrànwọ́" ti tó, pé ká má fi ọ̀rọ̀ tuntun da aráyé láàmú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ wò ó, lọ́dún 2010 tí Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde 200 mílíọ̀nù dọ́là fáwọn onítíátà àtàwọn olórin, owó téèyàn máa yá ní báńkì ni, ó sì máa dá a padà, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ gbọ́ ni pé ìjọba ti fún àwọn òṣèré lówó. Ní 2013 ni 3 bílíọ̀nù náírà ti Project ACT-Nollywood, ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fáwọn onífíìmù, tó dé, ìyẹn ló jẹ́ pé ẹni tó bá rí i gbà kò ní san án padà. Nígbà tó di 2019, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, gbé tiẹ̀ jáde, ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù lè yá tó 50 mílíọ̀nù náírà, èlé 9 nínú 100. Tá a bá wá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní owó ìrànwọ́, irú ìrànwọ́ wo ló ń gba èlé?

Bàbá kan tó jẹ́ òṣèré ní kí n wá bá àwọn ka fọ́ọ̀mù báńkì nítorí pé gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ le. Wọ́n ti bá àwọn òṣèré dá ọjọ́, wọ́n tiẹ̀ ti sanwó sílẹ̀ fún ìyá tó ń yá wọn láṣọ eré. Mo kà á débi kan, mo ní, "Bàbá, ilé wo lẹ fẹ́ fi dógò?" Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń wò mí. "Dógò kẹ̀? Ṣebí rédíò ní ìrànwọ́ ni." Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ká fọ́ọ̀mù náà sápò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì wọ́n lọ́nà yẹn o.

Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti yà á sọ́tọ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀, èèyàn á wá bá a ṣiṣẹ́, á fún wọn lóúnjẹ, wọn ò ní kó san án padà, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ hàn kílẹ̀ tó ṣú. Àáró yàtọ̀, ẹ ṣe tèmi lónìí, màá ṣe tiyín lọ́la, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ gbé. Nítorí náà, èyí tí wọn ò ní gbà padà, mo ní ká pè é ní "owó ọ̀wẹ̀". Èyí tó ń yí láàárín àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn, "owó àáró". Èyí tó ní èlé, ẹ̀yáwó ni, kò lórúkọ míì.

Ilẹ̀ Faransé ló jẹ́ kí àáró yẹn dá mi lójú. Wọ́n ti dá CNC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ sinimá níbẹ̀, sílẹ̀ látọdún 1946, nínú tíkẹ́ẹ̀tì sinimá kọ̀ọ̀kan, 10.72 nínú 100 ló ń wọ àpò tí wọ́n fi ń ran fíìmù míì lọ́wọ́. Fíìmù tó tà lónìí ń bá fíìmù ọ̀la roko! Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn ṣáájú, tó jẹ́ pé inú owó tí fíìmù bá pa ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Mo rò pé "àsansílẹ̀" máa gbé ìyẹn.

"Ilé-iṣẹ́ fíìmù" tẹ́ ẹ fi ń pe gbogbo òwò náà pátá kò bá mi lára mu. Ọgbà tí wọ́n ti ń ya fíìmù, tí Kunle Afolayan kọ́ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ pe ìyẹn ní ilé-iṣẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń tà á n'Ídùmọ̀tà ńkọ́? Òwò fíìmù ni kẹ́ ẹ jẹ́ ó máa jẹ́.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣé ẹ ṣì ń sọ àáró lọ́dọ̀ yín, àbí orúkọ míì lẹ ń pè é? Mo fẹ́ mọ̀ kí àbúrò wa tó kọ ọ́ sílẹ̀.