Brexit ti kọjá, ìwé wa ńkọ́? Ìbéèrè láti Woolwich

Ìyá Tèmi, Woolwich
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé dáadáa. Ọdún 2019 la kó kúrò ní Brescia wá síbí. Pásípọ́ọ̀tù Ítálì lèmi ní, ti Nàìjíríà ni ọkọ mi ń lò. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ará EU forúkọ sílẹ̀ torí Brexit, pre-settled, ìwé ìgbélùú onígbà díẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ni wọ́n fún àwa méjèèjì. Ní 2022 la bí àbígbẹ̀yìn wa níbí. Láti ìgbà tí Farage àti ẹgbẹ́ òṣèlú Reform rẹ̀ ti ń sọ pé bí àwọn bá gorí àlééfà, àwọn á fagi lé ìwé ìgbélùú, ọkàn ọkọ mi ò balẹ̀ mọ́. Ó ní ká palẹ̀ ẹrù mọ́, ká padà sí Ítálì kí wọ́n tó lé wa. Ó sì tún fẹ́ lọ sin bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun. Ẹ gbà mí o.

Káyọ̀dé, Peckham
Àǹtí, ẹ kú àsẹ̀yìndè bàbá. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo máa ń bá wọn jókòó ní àwọn Sátidé níbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ìwé, ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni màá sọ.

Ẹ sọ fún bùrọ̀dá wa pé kí wọ́n tú ẹrù. Ìwé tí ẹ ní kì í ṣe oore tí ìjọba kan ṣe yín tí òmíràn lè jí lọ́jọ́ kan kó gbà padà. Inú àdéhùn tí Ìlú Ọba bá EU fọwọ́ sí nígbà tó ń jáde ni ẹ̀tọ́ yín wà. Nígbà tí Reform kéde ní September 2025 pé àwọn máa fòpin sí ILR, ìyẹn ìwé ìgbélùú títí lọ, wọ́n yọ àwọn tó ní settled status, ìwé ìgbélùú títí lọ ti ará EU, sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Labour náà gbé àbá tiwọn jáde ní November ọdún yẹn kan náà, pé ọdún mẹ́wàá lèèyàn máa lò kó tó gba ìwé ìgbélùú dípò márùn-ún, wọ́n ò fọwọ́ kan tiyín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera, ni kí wọ́n máa sunkún, torí ọdún 15 ni wọ́n dábàá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti ẹni tó ti wà níbí tẹ́lẹ̀ o!

Ẹ wá wo ayé. Wọ́n dìbò kí ará Yúróòpù lè yéé wọlé bó ṣe wù ú, ìwé ará Yúróòpù ló wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti àwa tá a ti Murtala Muhammed gba físà wọlé.

Ní ti pre-settled yín, ẹ wọ inú UKVI account yín, ojú ìwé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Home Office tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú, ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ní December 2022 ilé ẹjọ́ High Court sọ fún Home Office pé kò bófin mu kí èèyàn pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ torí pé kò kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì. Látìgbà yẹn, bí ọjọ́ bá ti fẹ́ tán, àwọn fúnra wọn ló ń fi ọdún kún un. Méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kún un, ó ti di márùn-ún báyìí. Láti January 2025, wọ́n tún ti ń sọ àwọn kan di settled láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, bí wọ́n bá ti rí i nínú àkọsílẹ̀ owó orí pé onítọ̀hún ò kúrò nílùú. Àmọ́ ẹ má jókòó dè wọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì ti pé ọdún márùn-ún, ẹ béèrè settled yín. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ kan ò jáde. Bí ẹ bá sì ti lọ pẹ́ níta nígbà kan, láti July 2025, bí ẹ bá ti gbé ibí fún oṣù 30 nínú oṣù 60 tó kẹ́yìn, ó lè tó.

Ti ọmọ ló ká mi lára. Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ?

Fúnmi, Milton Keynes
Ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù tuntun yẹn o, kí bùrọ̀dá má fi ṣeré! Kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá ni kí wọ́n ti fi nọ́ńbà tuntun náà sínú account. Láti ìparí 2024 tí káàdì ìgbélùú ti kásẹ̀ nílẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ni ọkọ̀ òfuurufú fi ń wá ìwé èèyàn lórí kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ ṣe rí mi yìí, mo wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò mi fẹ́ padà láti Èkó. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà tẹ nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ní òun ní settled, ọmọbìnrin náà ní káàdì dà? Èèyàn ń kọjá, báàgì ń wọlé lórí bẹ́líìtì, tiwa wà nílẹ̀. Ohun tó gbà wá ni pé pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi fóònù fa share code, nọ́ńbà tí èèyàn fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, yọ níbẹ̀. Ọ̀gá wọn jáde, ó fi code náà àti ọjọ́ ìbí wò ó, ó tún pe Ìlú Ọba lórí fóònù. Wọ́n ń kéde pé káńtà fẹ́ tì ni wọ́n tó já boarding pass fún un.

Nítorí náà, bùrọ̀dá, pásípọ́ọ̀tù tuntun àti àtijọ́, ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ fa share code kí ẹ tó kúrò nílé, 90 ọjọ́ ló ń lò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S ni kí ẹ fà. W wà fún iṣẹ́, R wà fún ilé tí ẹ fẹ́ háyà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èkó lè sọ pé òun ò sí nílé.

Alàgbà Ọláńrewájú, Dagenham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Leave, pé kí Ìlú Ọba jáde kúrò nínú EU, ni mo dì ní 23 June 2016, mi ò sì ní sá fún ẹnikẹ́ni. Àdúgbò wa níbí, ó lé ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún tó dì í. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé bí ará Yúróòpù bá dẹ́kun à ń rọ́ wọlé, wọ́n á rántí àwa ọmọ Commonwealth. Priti Patel tó jẹ́ mínísítà nígbà náà sọ irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ Bangladesh tó ń ta curry. Ṣé kò wá ṣẹlẹ̀ ni? Láti February 2022 tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn kíà, mélòó nínú yín tó wà níbí ni ì bá rí Ìlú Ọba wọ̀? Àwọn ọmọ ìjọ mi tí mo kí káàbọ̀ nígbà náà, àga ò gbà wọ́n.

Bísí, Leeds
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú o, ẹ parí ìtàn náà. Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn tí ẹ ń wí yẹn, èmi gba ibẹ̀ wọlé. Ní March 2024 wọ́n ní oníṣẹ́ kíà tuntun ò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Ní July 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jẹ tiwọn láti January 2024, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè mú ẹbí wá mọ́. Ìlérí ẹlẹ́nu dídùn ni wọ́n ṣe fún yín. Nígbà tí iye èèyàn tó wọlé, lẹ́yìn tí a bá yọ àwọn tó jáde kúrò, wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó lé ní 900,000 lọ́dún kan, orí wa ni wọ́n fàbọ̀ sí. Cameron lọ, May dé, Johnson dé, Truss ò lò tó oṣù méjì, Sunak dé, Starmer dé. Olóòótú ìjọba mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣèlérí pé òun máa dín wa kù.

Àní ọmọ wa Kemi Badenoch, Leave lòun náà ṣe. Ẹgbẹ́ Conservative tó ń darí ló ti dábàá ọdún mẹ́wàá yẹn ní February 2025, kí Labour tó gbé e. Ẹni tó bá sì ń rò pé orúkọ Yorùbá máa gba òun, kó máa rò ó.

Alàgbà Ọláńrewájú, Dagenham
Ọmọ mi, ẹnu rẹ kì í dákẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò? Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ará Ítálì ò lè dìbò ní 2016, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibí lè dìbò, ìbáà jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló ní lọ́wọ́. Ọmọ Nàìjíríà ṣì lè dìbò dòní fún ilé aṣòfin àti fún káńsù. Ìdajì nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ni kò mọ̀.

Káyọ̀dé, Peckham
Òótọ́ ni bàbá sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e lọ síbi gbogbo. Ọmọ Commonwealth tó bá ti ní ìwé tó fi ń gbé ibí lè forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́. Láti 2023 tí wọ́n ti ní kí èèyàn mú ìdánimọ̀ dání, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà nínú èyí tí wọ́n ń gbà, kódà kó ti tán lọ́jọ́, tí ojú yín bá ṣì jọ ti inú fọ́tò. Ìdìbò gbogboogbò ò ní kọjá 2029. Ẹni tí ọdún mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń bá jà, ibẹ̀ ni kó ti sọ̀rọ̀.

Bọ̀dé, Dublin
Ẹ jẹ́ kí àwa ará ibí náà dá sí i. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Ireland ò nílò settled kankan ní London, àdéhùn àtijọ́ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ló ń jẹ. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń lo Nàìjíríà kò sí nínú ìyẹn o. Bí ẹ bá ń gba Belfast wọlé, wọn kì í sábà dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ìyẹn ò wá sọ pé ẹ ní àṣẹ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá dúró nínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní kó mú físà jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ọjà ránṣẹ́ láti Peckham, ẹ rora. Láti January 2021, ẹrù tó bá ti London wá sí Dublin, ẹrù òkè òkun ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù á yẹ̀ ẹ́ wò, VAT sì wà lórí rẹ̀. Ẹran gbígbẹ, pọ̀ǹmọ́, mílíìkì, wọn ò gbà á wọlé rárá, ìbáà ṣe inú báàgì ọwọ́ yín ló wà. Gaàrí àti èlùbọ́ lè kọjá, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú páálí àti iye rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ẹni tó bá kọ "gift" sórí páálí ẹ̀gúsí ogún kílò, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ìyá Adé, Croydon
Àwa tá a jẹ́ ìyá ọmọ British tá a ti ń gba ìwé tẹ́lẹ̀ nítorí ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní a lè gba ọ̀nà EU wọlé.

Káyọ̀dé, Peckham
Ìyá Adé, ọ̀nà yẹn ti di. Ìyá ọmọ Nàìjíríà kan gbé Home Office lọ ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ó sì jàre ní June 2021. Home Office pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dà á nù ní January 2022. Wọ́n láwọn tún ìlànà náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì dúró síbi tí wọ́n wà. Nígbà tó di 8 August 2023, wọn ò gba ẹni tuntun mọ́. Bó bá ṣe pé ẹ ti kọ̀wé kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ kàn sí mi níkọ̀kọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà òbí lábẹ́ òfin físà lásán ló kù, owó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín ṣe ti EU yẹn lónìí, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, àwọn tó ń jẹ́ OISC tẹ́lẹ̀. Bó bá ti ń ta kókó, ẹ gbé owó yín kúrò ńlẹ̀.

Ìyá Tèmi, Woolwich
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti wo account, ọjọ́ wa ti sún sí 2031, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ọkọ mi ti ń fi pásípọ́ọ̀tù tuntun sí i. Ti ọmọ, pásípọ́ọ̀tù Ítálì nìkan ló ní. Ṣé kì í ṣe ọmọ British ni? Wọ́n bí i síbí.

Káyọ̀dé, Peckham
Rárá, Àǹtí. Ká ní ọ̀kan nínú yín ti gba settled kí ẹ tó bí i, ọmọ British ni ì bá jẹ́ láti ọjọ́ ìbí. Ti pre-settled ò ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún òbí láti kọ̀wé fún ọmọ tuntun. Láti August 2023, ìdí tí ẹ fi pẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ọkàn yín á balẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀: bó bá jẹ́ ọmọdé ni, tí òbí ló yẹ kó ṣe é tí kò ṣe é, ìlànà wọn fúnra wọn gbà pé ìdí gidi nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà kan, ẹ ṣàlàyé, ẹ fi ìwé ìbí àti lẹ́tà GP tì í. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti ọmọ, kí ẹ tó ṣe tiyín. Bí tiyín bá wá di settled, ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti di ọmọ ilẹ̀ yìí, owó ìyẹn ò kéré, ẹ máa tù ú jọ.

Àti kí n má gbàgbé: bí ẹ bá fẹ́ mú bùrọ̀dá lọ sí Paris tàbí Spain nígbà ìsinmi, físà Schengen wọn ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá jọ ń lọ, torí ìyàwó wọn jẹ́ ọmọ EU. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó dání lọ síbẹ̀. Bí ẹni tó ń gba ìwé bá béèrè owó físà, ẹ ní kó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ìyá Tèmi, Woolwich
Ìgbéyàwó kóòtù Brescia ni. Ṣé wọ́n á gba ti èdè Ítálì, àbí kí n lọ túmọ̀ rẹ̀?

Fúnmi, Milton Keynes
Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ti elédè púpọ̀ ní Comune Brescia, ìyẹn ọ́fíìsì káńsù ìlú náà, wọ́n ní in. Ẹ ò ní san owó atúmọ̀.