Irin ìsàlẹ̀ kò hàn lójú rédà, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti fi rédà yẹ inú kọnkéré wò rí, ẹ gbà mí. Dẹ́kìn kan ló wà níwájú mi, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 25. A fẹ́ lu ihò já a, n kò sì fẹ́ gé irin kankan. Áńtẹ́nà 1.6 GHz ni mò ń lò.

Irin ìpele òkè ń hàn kedere, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè kékeré. Ti ìsàlẹ̀ ni wàhálà. Níbi tí irin òkè ti fún mọ́ra, rúdurùdu lásán ni mò ń rí lábẹ́ wọn. Mo ti yí áńtẹ́nà ní ìwọ̀n 90. Irin òkè rọlẹ̀ díẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò tó.

Ọ̀rọ̀ bí irin ṣe jìn tó nínú kọnkéré náà tún wà ńbẹ̀. Dielectric 6 (nọ́ńbà tó ń sọ bí kọnkéré ṣe ń dín eré ìgbì rédà kù tó) ni mo tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ní irin kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 5. Nígbà tí mo gbẹ́ ibẹ̀, 4 péré ni mo bá a! (Ọ̀gá mi ti ń wò mí níwòkuwò.) Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ó yẹ kí dielectric náà tó 9.4, bíi ti kọnkéré tó ṣì lọ́rinrin. Ṣé kí n lo iye yìí fún gbogbo dẹ́kìn ni, àbí kí n gbẹ́ ibòmíràn wò? Ṣé áńtẹ́nà 2.6 GHz á ya àwọn irin tó fún mọ́ra yẹn sọ́tọ̀, àbí kò ní lè dé ìsàlẹ̀?

N kò béèrè bí irin ṣe tóbi tó o, mo mọ̀ pé rédà kì í sọ ìyẹn dáadáa.